Ìlà Tó Fẹ́ Gba Iṣu Tuntun Lẹ́nu Mi

Ẹni tó bá rò pé ìlà gbọọrọ kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn, kò kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ tísà wa ni. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n kan ní Atakpamé ni mo ń lọ. Ọjọ́bọ̀ ni ìsinmi wa, Ọjọ́bọ̀ kan sì bọ́ sí ọjọ́ tí wọn yóò jẹ iṣu tuntun nílé wa, lọ́nà Kamina. Ìyá mi ti ránṣẹ́ pé kí n tètè dé, itọ́ sì ti ń dà lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, tísà fi ṣọ́ọ̀kì pín pátákó sí ojú kéékèèké. Ó fa ìlà òró àti ìlà ìbú, ó wá fa òmíràn tó ń gòkè gba orí wọn kọjá. Kò kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀. Ó ní ká kọ ìdọ́gba ìlà tó ń gòkè yẹn. Ẹni tó bá ṣì í, koríko ọgbà ni yóò máa gé lọ́la títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo rí i pé bí ìlà náà bá sún sápá ọ̀tún lójú kan, ó ń gòkè lójú méjì. Ó ku ibi tó ti gé ìlà òró. Mo fi ìka kà á láti ibi tí òró àti ìbú ti pàdé: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Mo kọ y = 2x + 4, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mẹ́ta ni," ni tísà wí. "Òdo ni ibi ìpàdé yẹn. Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Inú bí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Mùsíọ̀, iṣu tuntun la ó jẹ nílé lọ́la. Ta ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo? Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni oókan. Ọjọ́ karùn-ún la ó tún ná an. Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó ní ìyẹn dára fún àwọn tó ń ta gàrí. Ó kọjú sí kíláàsì: "Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, bí àwọn Faransé ti ń wí i: Ọjọ́rú tó ń bọ̀."

"Mùsíọ̀, òní náà Ọjọ́rú ni. Bí òní bá jẹ́ òdo, méje ni Ọjọ́rú tó ń bọ̀."

Ó fi ìka kà á. Ó tún un kà. Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Máa lọ jẹ iṣu rẹ, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n òdo ni!"

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní ègé mẹ́rin ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ. Ó ká ìkarùn-ún mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ìyá, òdo ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

Ó fi ìgbakọ kàn mí lórí. "Òdo nìyẹn," ó ní. "Oókan ń bọ̀."