Oògùn Tí Onítáìlì Ò Gbé Mì

Bàbá Kò-Sí-Nǹkan kì í ṣe orúkọ tí òbí kankan lè sọ ọmọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn sí ilé ìwádìí oògùn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun yòówù kí wọ́n fún un gbé mì, ibi yòówù kí wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ̀ lára rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì bá ti bi í pé, "Bàbá, báwo ni ara?" èsì kan ṣoṣo ló ní: "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí." Ì báà jẹ́ pé òòyì ń kọ́ ọ. Ì báà jẹ́ pé inú ń lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Kò sí nǹkan.

Akunlé ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá sì ni nídìí iṣẹ́ náà. Ó lè fa ìlà láàárín ọ̀dà méjì láìlo okùn, kí ìlà náà sì gún ju ti ẹni tó lo okùn lọ. Ọjọ́ tó já bọ́ láti orí àkàbà ni apá ọ̀tún rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Apá náà ṣì ń jẹun, ó ṣì ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ga ju èjìká lọ mọ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe ò sì níṣẹ́ fún akunlé tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè kan àjà. Ọ̀rẹ́ kan ló mú un lọ sí ilé ìwádìí, níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn tuntun wò lára àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n á sì sanwó fún wọn. Ara líle ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, wọn kì í gba arúgbó. Bàbá ra aró, ó fi kun gbogbo ewú orí rẹ̀ dúdú kirikiri. Iṣẹ́ ọ̀dà tó ṣe kẹ́yìn tó sì dára nìyẹn.

Ilé náà mọ́ tónítóní, ó tutù, kò sì sí fèrèsé kan tó ń ṣí. Bẹ́ẹ̀dì wọn ń ké tí ènìyàn bá yí ara padà. Àwọn dókítà ibẹ̀ máa ń bi ènìyàn léèrè àlàáfíà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ojú wọn á sì wà lára aago ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin dókítà ló ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, òfin àwọn àgbà ibẹ̀ ni, òfin náà sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàìsàn. Tí ẹnì kan bá la ẹnu pé orí ń fọ́ òun pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dá oògùn dúró, gbogbo wọn á sì padà sílé lójijì pẹ̀lú owó tí kò pé. Bàbá ló máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Á fà wọ́n sí kọ̀rọ̀, á ní, "Tí èébì bá gbé ẹ, wọ ilé ìtọ̀, ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dún, kó o wá bì. Tó o bá jáde, rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì." Ẹni tó bá ní òun ò lè parọ́, wọ́n á gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ẹni tó máa dá a lóhùn mọ́ títí tó fi máa lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bàbá kórìíra ju olóòótọ́ lọ: ọkọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ táìlì ni ọkùnrin náà ń ṣe, Bàbá kì í sì í pe orúkọ rẹ̀, Onítáìlì ló ń pè é, bí ẹni ń pe gbèsè. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ mú un wálé ni nǹkan ti bàjẹ́. Onítáìlì wo ògiri yàrá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀dà kíkùn náà dáa, Bàbá. Ẹni tó bá ṣáà ti lọ́wọ́ á lè ṣe é. Táìlì ló gba ọgbọ́n."

"Ògiri la máa ń kùn kí ayé lè wò ó," ni Bàbá dá a lóhùn. "Tìẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ológbò àti ajá. Ìjà wọn tó burú jù ni ti ọjọ́ tí Bàbá ń jẹun nílé wọn, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Onítáìlì bó ṣe yẹ kó máa tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Onítáìlì rí ojú abẹ́rẹ́ tó tò sí ìgbọ̀nwọ́ Bàbá. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ kiri ò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ìyàwó." Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá fi oúnjẹ sílẹ̀, ó dìde, kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn ilé àwọn, kó fi ilé ìwádìí sílẹ̀. "Kí n wá máa sùn lórí táìlì ẹ̀?" ni Bàbá ní. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Oògùn tó wá kó gbogbo wọn papọ̀ jẹ́ oògùn oríkèé ríro. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni Bàbá wà. Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò gbóná kò tutù, ṣàlàyé fún wọn pé ìwọ̀n díẹ̀ làwọn yóò fún ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, tí nǹkan kan ò bá sì ṣe wọ́n, ẹgbẹ́ kejì yóò gbé ìlọ́po méjì mì. Bàbá ò fetí sí i, ó ń wo ọ̀nà oúnjẹ. Ní wọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ dàrú, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó bì, ó jáde, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nígbà náà ò tíì sọ nǹkan kan. Ìgbà tó délé ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, oúnjẹ ń rùn sí i, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Dókítà pè é lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Bàbá di ògiri mú kó má baà ṣubú, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

Ó wá wo dígí. Akunlé ni, ojú rẹ̀ mọ àwọ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí korobá ọ̀dà funfun tí ẹ̀kán àwọ̀ ìyeyè bá bọ́ sínú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè rò ó tó máa padà funfun. Bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó jáde lọ ra awò ojú dúdú.

Awò yìí ló gbé sójú láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ní láti padà wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀ tó bá yá, ó mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ti sanwó kó tó tú u.

"Bàbá, oòrùn ò tíì yọ o," ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ.

"Tìẹ ni ò tíì yọ," ni Bàbá fi dá a lóhùn, ó sì wọlé.

Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ó ní kó lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí yàrá tí wọ́n ti ń gbé oògùn mì. Bàbá yọjú. Àwọn ọkùnrin kan tò sórí àga nínú aṣọ ilé ìwádìí, aṣọ péńpé tí kò bo orúnkún. Ẹni tó wà níwájú pátápátá, Onítáìlì ni.

Ká má parọ́ mọ́ Bàbá, inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n táìlì! Ẹni tó ní Bàbá ń ta ẹ̀jẹ̀ kiri! Òun náà ló ká apá aṣọ sókè yìí, itan rẹ̀ sì wà níta gbangba. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè láti kan gíláàsì, kí Onítáìlì lè rí òun, kí ojú sì tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹgbẹ́ kejì nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì sọ bó ṣe ń kọjá. "Ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà fún wọn o, Bàbá. Nítorí pé nǹkan kan ò ṣe yín, ìlọ́po méjì tiyín ni wọ́n fẹ́ gbé mì."

Ọwọ́ Bàbá dúró sókè bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ló sọ ìtọ̀ òun di tíì. Tí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á yọ orúkọ òun kúrò nílé yìí títí láé, bẹ́ẹ̀ kò síbòmíràn tó ń fẹ́ apá tí ò lè kan àjà. Ta ló sì bẹ Onítáìlì níṣẹ́? Ṣebí ó mọ gbogbo nǹkan. Jẹ́ kó gbé e mì. Jẹ́ kó gbé e mì, kóun náà wá máa ṣí omi ẹ̀rọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sídìí tó fi yẹ ká bá a bò ó.

Nínú yàrá, wọ́n pe Onítáìlì kó wá gba oògùn. Kò lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di apá àga mú, ó fún ojú pọ̀, ó rọra gbé ara rẹ̀ sókè, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n. Ẹni tó ń fi orúnkún rìn lórí sìmẹ́ǹtì láti kékeré, ibẹ̀ náà ló máa bá a jà. Bàbá mọ irú ìdìde yẹn. Bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣe tóun bá fẹ́ gbé apá ọ̀tún sókè. Ó yé e lójú ẹsẹ̀ pé Onítáìlì ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ọmọ òun ò sì mọ̀. Ọmọ òun yìí náà ni yóò sì máa gbé abọ́ èébì kiri tí oògùn yẹn bá wọlé.

Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó já wọlé.

"Má gbé e mì!"

Oògùn ti wà lórí ahọ́n. Bàbá gbá a létí pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ òsì, oògùn fò jáde, omi inú ife sì da sára Dókítà.

Onítáìlì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Bàbá? Ẹ gbá mi létí? Níwájú gbogbo ayé?"

"Oògùn yẹn ò dáa," ni Bàbá sọ fún Dókítà.

"Mo pè yín lórí fóònù," ni Dókítà ní. "Ẹ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe yín."

"Irọ́ ni mo pa. Mo bì níbí yìí, mo ṣí omi ẹ̀rọ lé e lórí. Ara ń yún mi. Ìtọ̀ mi ti dúdú."

Dókítà ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá yíjú sí Bàbá, inú ń bí i. "Ẹ yọ awò yẹn, kí n wo ojú yín."

"Ojú mi ò sí lára ohun tí ẹ sanwó fún," ni Bàbá dáhùn, ó sì jáde. Wọ́n pè é títí, kò wẹ̀yìn.

Ibi tó ti ń wá mọ́tò lẹ́nu géètì ni ẹgbẹ́ kejì bá a, wọ́n ti wọ aṣọ ilé wọn padà, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fún wọn. Ọ̀kan tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀. "Àgbàyà!" Òmíràn ní ìlara ló ń bá a jà. Onítáìlì wá dúró síwájú rẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ yín lẹ ti ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa ba tèmi jẹ́. Nǹkan kan ò ṣe yín. Ẹ rí mi níbẹ̀, inú bí yín, ẹ bá parọ́."

Bàbá ìbá yọ awò, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Kò yọ ọ́. Kò lè jẹ́ kí ẹni yẹn rí òun bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe orúnkún mi!"

Bàbá rẹ́rìn-ín burúkú kan. "Káàbọ̀," ló ní, ó sì wọ mọ́tò lọ.

Ó pa fóònù rẹ̀. Ó ta kọ́tìnnì yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sùn, ó jí, ó tún sùn. Ọmọ rẹ̀ ló wá fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. Ó wọlé, kò kí i, òkùnkùn yàrá náà kò sì dá a dúró.

"Ẹ mọ̀ pé kò tíì ríṣẹ́ ṣe láti ọjọ́ yìí? Kò sọ fún mi. Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi. Irọ́ lẹ̀yin méjèèjì fi ń bọ́ mi! Ó wá rí ibi tí ó ti máa rí nǹkan, ẹ lọ gbá a létí níbẹ̀. Ẹ̀tanú yín ti pọ̀ jù, Bàbá. Ó ti sú mi. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ní òun ò ní gòkè wá wo ojú yín láéláé. Ẹ kọjú sí mi!"

Bàbá kọjú sí ògiri. Ọmọ rẹ̀ fi ìbínú fa kọ́tìnnì ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i padà. Ìmọ́lẹ̀ tàn sójú rẹ̀.

Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, kò sì sí awò tó bò ó.

"Bàbá," ló ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "kí ló ń ṣe yín?"

Bàbá la ẹnu. Èsì tó ti mọ́ ọn lára ti wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Nǹkan ń ṣe mí, ọmọ mi," ló ní. "Nǹkan ń ṣe mí gan-an."

Igbe tó ké ló mú Onítáìlì gòkè wá, tòun ti ìbúra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹyinjú Bàbá, ó wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbá. Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn là ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń wo ènìyàn sàn. Mi ò tíì dárí ìgbátí yẹn jì yín o."

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Ó gbé e. Ní àtẹ̀gùn kìn-ín-ní, orúnkún náà dún kẹ́kẹ́. Ní èkejì, ó tún dún. Bàbá gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Irọ́ lò ń pa."

"Ta ló kọ́ mi?" ni Onítáìlì dáhùn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.