Bàálù Màmá Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí Monínúọlá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo Ìgèdè rò pé ṣọ́ọ̀bù oògùn ni yóò ṣí. Bàálù ló ń kàn lẹ́yìnkùlé. Ọ̀dọ̀ Ọláníyì, àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun, tó rí àwọn tí ń kan bàálù fúnra wọn, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọláníyì ló kó irin àti ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ lórí fóònù, "òfin ibí ni pé kí ẹni tó ń kàn án fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ju ìdajì lọ."

Láti ìgbà náà, bí aládùúgbò bá fẹ́ bá a di nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, Màmá yóò fi igbe ta: "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò! Ṣé o fẹ́ ba ìdajì mi jẹ́ ni?"

Ó kàn án tán. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, dé láti Àbújá, ó wọ kóòtù nínú oòrùn.

"Ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é, Mà?"

"Ulé mi rèé. Èmi ni mo kàn án."

"Ẹ máa lọ forúkọ ilé yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ nìyẹn."

Màmá pe Ọláníyì. Ìyẹn figbe bọnu: "Ẹ má dán an wò! Bí ilé iṣẹ́ bá ti ṣe é, kì í ṣe àfọwọ́kàn mọ́ lójú òfin tibí!"

Adéyẹyè gba fóònù. "Òfin tiyín kò dé Ìgèdè!"

"Tiyín ńkọ́, sà? Kí ló wí?"

Adéyẹyè nu òógùn. Ó rìn yí bàálù náà ká. "Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì fò," ó ní, "àga ni. N kò bá àga wí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ni Màmá bá ká ìyẹ́ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wà á lọ gbọ́ Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àdúgbò Adébáyọ̀, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró.

"Nọ́ńbà ọkọ̀ yín dà?"

"Bàálù ni."

"Áà, kì í ṣe tiwa nìyẹn. Ẹ máa lọ, Mà."

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìyẹ́ kì í ṣe ẹní tí à ń ká sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wà á dé Ìgbẹmọ, lójú ọ̀nà gbọọrọ tó gba àárín oko ìrẹsì kọjá. Ó tẹ́ ìyẹ́, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké. Ilẹ̀ fi í sílẹ̀. Ó pariwo "Jésù!", lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e. Ẹyẹ dìde lórí ìrẹsì bí èéfín, wọ́n gba ọ̀nà igbó lọ.

Bó ṣe balẹ̀, Ilésanmí tó loko sáré tọ̀ ọ́ wá, fìlà lọ́wọ́. Màmá ti ń múra àlàyé òfin sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun," ó ní, "àwọn ẹyẹ wọ̀nyí á tún padà wá jẹ ìrẹsì lọ́la. Aago mélòó lẹ máa dé?"