Òórùn Káńfọ̀ Lára Aṣọ Funfun

Bí mo bá ti gbóòórùn káńfọ̀, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní Port Harcourt ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ogun ti kúrò nígboro, a sì ti kó wọ ilé kan tí onílé sá fi sílẹ̀, tí a bá àga, abọ́ àti aṣọ nínú rẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ ni màmá mi ti mú aṣọ funfun tí mo wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí a ṣe ń jẹun, àbúrò bàbá mi ń yin ìwé àwọn Kọ́múníìsì tó ń kà. Bàbá mi, olùkọ́ Bíbélì, ti abọ́ sẹ́yìn.

“Wọ́n ní kò sí Ọlọ́run. Ohun tó bá ṣáà ti ṣe ẹgbẹ́ wọn láǹfààní, rere ni. Wọ́n á gba nǹkan onínǹkan, wọ́n á sì sùn fọnfọn.”

Àbúrò rẹ̀ wo pálọ̀ yí ká, ó wá tẹjú mọ́ aṣọ ọrùn mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń rí oorun sùn níbí?”

Bàbá mi náà yíjú sí aṣọ mi. Mo rò pé àbàwọ́n ọbẹ̀ tó dà sí i ni wọ́n ń wò.

“Dádì, ẹ má bínú, na stew pour am.”

Mo lọ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà. Àbàwọ́n kúrò, òórùn káńfọ̀ ò kúrò.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé onílé padà wá lẹ́yìn ogun, ó kanlẹ̀kùn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, bàbá mi sì wà ní pálọ̀, kò dìde.