Fáàfù Tí Ẹ̀gbọ́n Ní Ó Dára

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Bí gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà ní Dallas ṣe ń pè é nìyẹn, mi ò sì ní fún un ní orúkọ mìíràn níbí. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka tí mo wà nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ́, tí kò sì fò rí.

Ní oṣù tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù pé kí n wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé òun ní Frisco. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, kò pè mí rí. Mo mọ ohun tó ń wá. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ ìwé nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti wá bá mi nínú apátímẹ́ǹtì mi ní Vickery Meadow. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bi léèrè ló sọ pé èmi ni mo dán fáàfù rẹ̀ wò, tí mo rí i pé ó ń há, tí mo sì dákẹ́. Mo sọ tèmi fún un. Ó ní bí Ẹ̀gbọ́n bá jẹ́rìí sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ọdún ni ìjọba ṣe ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Sẹ́nétọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá le jù ló ń gba itan ẹran. Ìpínlẹ̀ irú sẹ́nétọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fáàfù wa, ìyẹn irin tó ń ṣí ọ̀nà epo sínú ẹ́ńjìnnì tó sì ń tì í. Mo gbé e sínú irú òtútù tó máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, ó há. Mo tún un dán wò, ó tún há. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sọ fún sẹ́nétọ̀ pé itan tó mú ti bàjẹ́?

Ẹnu Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ìdánwò wa ń gbà dé òkè. Nínú ìpàdé, olórí ètò náà, òyìnbó kan tí ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá tí wọ́n pè láti wá wo ìdánwò ẹ́ńjìnnì, bi í léèrè nípa fáàfù. Ẹ̀gbọ́n ní ó dára. Òyìnbó náà wò yíká tábìlì, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Mo dákẹ́. Ẹni tó bá ti ilé wá mọ ìdí. Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí mo dé. Ta ni mo jẹ́ tí màá já a nírọ́ lójú àjèjì? Ní Sátidé, mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

“Dìde, àbúrò mi,” ó ní. “O káre. Màá bá wọn sọ ọ́ bó ṣe yẹ.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, fáàfù há. Ẹ́ńjìnnì jóná lórí irin tí wọ́n dè é mọ́, lójú àwọn àlejò. Kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, Ẹ̀gbọ́n ní èmi ni mo dán an wò, mo sì jókòó nínú ìpàdé láìsọ nǹkan kan. Wọ́n lé mi, wọ́n gbé òun ga. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún ń da owó sí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, pẹ̀lú fáàfù kan náà, kí wọ́n tó pa á tì. Èmi lọ ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Irving, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà.

Mo ṣáà lọ sí Frisco. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

“Àǹtí wa, ẹ káàbọ̀ o. A rò pé ẹ ti gbàgbé ọ̀nà.”

“Mi ò gbàgbé, ìyàwó wa. Ẹ̀yin lẹ kó lọ síbi tí ọ̀nà ò lópin.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti di ẹja gbígbẹ sínú àpò fún mi sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ẹ̀bùn ti ṣáájú ọ̀rọ̀. Mo tún fura. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí tábìlì, ó ti rù gan-an.

“Jẹun, àbúrò mi.”

“Mo ti jẹun wá, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àbí o rò pé mo fi májèlé sí i ni?”

“Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é.”

Ìyàwó rẹ̀ tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Mi ò fọwọ́ kan ṣíbí. Mo ní, “Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ máa sọ fún un pé mo wá kìlọ̀ fún yín nípa fáàfù náà?”

Ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ bu omi wá. Ó dúró títí obìnrin náà fi wọ kíṣìnnì.

“Mo gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ṣùgbọ́n inú ilé mi lo ti sọ ọ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni yóò sì máa jẹ́.”