Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ọkọ̀ Mi Wọ Pápá Eré

Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Kanvili, àdúgbò wa ní Tamale ní ilẹ̀ Gánà, tí kò mọ̀ pé n kì í fi ọkọ̀ sáré. Àwọn obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn lórí alùpùpù máa ń yà mí sílẹ̀ lójú títì, wọ́n á tún juwọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kì í dùn mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìwòsàn ni láti kọ́ àwọn tí egungun ẹsẹ̀ wọn ti ṣẹ́ bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Ẹni tó bá ń rí ohun tí mò ń rí láràárọ̀, eré á kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú ló kó ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ sí mi lórí. Bàbá kan ni, ọmọ Dàgọ̀ńbà, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Jámánì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ara wọn lórí pápá eré, kó tó fẹ̀yìn tì padà wá sí Tamale. Orúnkún ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, Háúsá lèmi àti òun sì jọ ń sọ. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá a ká ẹsẹ̀ náà, tó ń payín keke, ó ní kí n sáà máa sọ nǹkan kan kí òun lè gbàgbé ìrora. Mo wá sọ fún un pé ewúrẹ́ kan já sójú títì níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé Ọlọ́run ló kó mi yọ.

"Ká ní o tẹ bíréèkì rẹ dé ibi tó lè dé," ló bi mí, "ibo ni ọkọ̀ náà ì bá dúró sí?"

"N ò mọ̀, Alhaji. N ò tẹ̀ ẹ́ débẹ̀ rí."

"Ó dáa, o ò tíì mọ ọkọ̀ wà nìyẹn. O kàn ń rọra lọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rọra sọ ọ́, láìsí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, jẹ́ kí n máa rò ó títí mo fi délé. Nígbà tó tún padà wá, èmi ni mo bi í léèrè. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ fífẹ̀ kan wà lẹ́yìn àdúgbò Kpalsi, tí àwọn tó ń ṣe títì ti da ọ̀dà sí nígbà tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ wọn síbẹ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fi táyà àlòkù la ọ̀nà sí i. Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá.

"Ọkọ̀ tèmi? Ọkọ̀ tí mo fi ń lọ ọjà?"

"Ọkọ̀ tí o fi ń lọ ọjà gan-an ni mo fẹ́ kí o mọ̀."

Ó ní kí n jẹ́ kí fítà tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe yẹ bíréèkì wò, kó pààrọ̀ omi bíréèkì, torí pé bí omi náà bá ti pẹ́ jù, ó máa ń hó, ẹsẹ̀ èèyàn á sì kàn wọlẹ̀ lásán. Kó wo táyà. Kó mú gbogbo nọ́ọ̀tì táyà le dáadáa. Kí n kó gbogbo ohun tó bá lè fò kúrò nínú ọkọ̀. Kí n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.

Ọ̀dọ̀ fítà wa ní Changli ni mo lọ, nítòsí ilé bàbá mi níbi tí wọ́n bí mi sí. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà títí, ó nu ọwọ́, ó bi mí bóyá mo fẹ́ tà á ni. Mo ní rárá, eré ni mo fẹ́ fi sá. Ó wò mí bí ẹni tó ní ibà. Kí n tó dé Kanvili, ìyá mi ti gbọ́.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ máa sá eré ọkọ̀," ló sọ lórí fóònù. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ìyá, kì í ṣe ìdíje. Ẹ̀kọ́ ni."

"Ẹ̀kọ́ wo? Ṣé o ò mọ ọkọ̀ wà ni? Agogo mélòó lẹ máa lọ?"

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí sínú àdúrà ni. Ní àárọ̀ Sunday náà, bí mo ṣe ń kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, tí mo ń yọ agbòjò, bàtà ẹsẹ̀ kan, ìgò omi, òkúta tí mo fi ń dènà táyà, àti iṣu kan tí n ò mọ̀gbà tó yí wọ abẹ́ àga, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ àti kúlà wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀.

"Mò ń bá ẹ lọ," ló wí. Ó sì wọnú ọkọ̀ jókòó.

Ọyẹ́ ṣì mú nígbà tí a débẹ̀. Eruku funfun bo gbogbo ojú ọ̀run, oòrùn sì dà bí àwo kan tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́yìn aṣọ. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: takisí kan wà níbẹ̀, pikọ́ọ̀pù kan náà wà, àti ọkọ̀ pupa kékeré kan tó lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó ni ín ní láti máa fa ara rẹ̀ jáde nínú rẹ̀ bí ẹni ń jáde nínú kànga. Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ nílé ìwòsàn wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ìyá mi rí i, ó mi orí, ó lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò.

Alhaji kó wa jọ. Ó ní kò sí ẹni tó máa gba ipò kìíní lónìí, kò sí ẹni tó ń wo aago. A ò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú kọ́nà. Ojú ọ̀nà gbọọrọ nìkan la ti lè ṣe é, ìyẹn náà sì di ìgbà tí ẹni tó wà níwájú bá na ọwọ́ sí wa pé ká kọjá. Bí wọ́n bá ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè, ká dẹwọ́. Bí wọ́n bá ju pupa, ká rọra padà síbi tí a ti gbéra. Wọ́n yá mi ní akoto, mo dé e lé orí híjáàbù mi, ó fún mi létí.

Alhaji fúnra rẹ̀ jókòó tì mí. A kọ́kọ́ rọra yí pápá náà ká kí n lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dúró níbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà gbọọrọ.

"Sá a lọ títí o fi máa dé ibi táyà méjì yẹn. Tí o bá débẹ̀, tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ."

Mo sá a. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà lọ, ó lọ, kó tó dúró.

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́," ni Alhaji wí. "O ń fọwọ́ pa á lórí."

A padà lọ síbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe rí táyà méjèèjì, mo gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni fẹ́ fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. Bẹ́líìtì gbá mi láyà mú. Imú ọkọ̀ forí balẹ̀, nǹkan kan ń gbọ̀n tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́. A ti dúró. Mo wo iwájú, ibi tí mo rò pé a máa dé ṣì jìnnà sí wa, bí ẹ̀gbẹ́ ilé kan sí ìkejì. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yìí ni agbára yìí ti wà nínú rẹ̀. Ó ti ń bá mi lọ síbi iṣẹ́, ó ti ń bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ mi, mi ò sì fìgbà kan mọ̀.

"Ó dáa," ni Alhaji wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ àti ọkọ̀ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra yín nìyẹn."

Kọ́nà ló tún wá yà mí lẹ́nu jù. Ó ní ojú mi ni ọkọ̀ ń tẹ̀ lé, kí n má wo táyà tí n ò fẹ́ gbá, kí n wo ibi tí mo fẹ́ dé. Ó ní kí n parí bíréèkì kí n tó yí sítíárì, kí n má sì já a yí lójijì. Nígbà tí mo ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun kan lára. Tí mo bá yí sí ọwọ́ òsì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ náà á rọra ṣí lọ sórí táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, á fara tì í, táyà náà á sì gbà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n rọra gbé ìwúwo lé ẹsẹ̀ yìí, kí wọ́n rọra gbé e kúrò lórí tọ̀hún. Irin ni mo jókòó lé lórí yìí o, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí èèyàn. Ara mi bú gàgà.

Lẹ́yìn tí a sinmi díẹ̀, ìgbéraga dé. Mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo wọ kọ́nà tó gùn jù pẹ̀lú eré tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo rí i pé ó pọ̀ jù, ẹ̀rù bà mí, mo sì já ẹsẹ̀ gbà lójijì kúrò lórí ibi tí a ń tẹ̀ fi sáré. Ìdí ọkọ̀ ya lọ. Mo rí igi dóńgóyárò, mo rí ọkọ̀ pupa, mo rí igi ẹ̀mì kan lókèèrè, gbogbo wọn ń sá kọjá níwájú mi bí ẹni ń ṣí ojú ewé.

"Ẹsẹ̀ méjèèjì!" ni Alhaji kígbe. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì pa pọ̀. A dúró sínú koríko gbígbẹ, a kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀. Eruku rọ̀ lé wa lórí.

"Kí lo ṣe?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà."

"Tí ẹnì kan bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ aláìsàn rẹ lójijì ńkọ́?"

"Á ṣubú."

"Ehẹn." Ó tún akoto rẹ̀ ṣe. "Jẹ́ ká rọra padà kí ọkọ̀ lè tutù. Tí a bá débẹ̀, má fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tó ṣì gbóná."

Ìyá mi ti dìde dúró lórí ẹní, ó ká ọwọ́ lérí. Mo mọ̀ pé mo gbé. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnì, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Kò wo ojú mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bónẹ́ẹ̀tì, ó yára gbé e kúrò, ó fi símú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Bíréèkì ni, Ìyá. Ó gbóná ni."

Ó wá yíjú sí Alhaji, ó bi í ní Háúsá bóyá wọ́n máa ń gbé àgbàlagbà.

"Hajia, tí ẹ bá ti lè dé akoto," ni Alhaji dá a lóhùn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Kí ẹ mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ó ti ṣòwò àlùbọ́sà láàárín Tamale àti Ìlọrin kí wọ́n tó bí mi. Orí ẹrù nínú lọ́rì ló ti ń sùn, ó ti rí ibi tí bíréèkì ti já, ó ti sin èèyàn lójú ọ̀nà. Títí dòní, tó bá ti wọ ọkọ̀, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo so bẹ́líìtì mọ́ ọn lára bí ẹni so ọmọ, mo sì ṣèlérí fún un pé n ò ní sáré púpọ̀.

N kò sáré púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé òpin ojú ọ̀nà gbọọrọ, mo tẹ bíréèkì bí Alhaji ṣe kọ́ mi, mo gbọ́ ọ tó ní "Subuhanallahi" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú akoto. Mo yí ọkọ̀ wọ kọ́nà, ó fara tẹ̀, ó gbà wá. Mo rò pé ó ti tó bẹ́ẹ̀ fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́.

"Ṣé ó ti tán ni?" ló bi mí.

"Ẹ fẹ́ ká tún lọ?"

"Tún un ṣe. Ibi tó ti dúró yẹn, tún un ṣe."

A yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà a tún yí i. Àwọn àṣá ń fò lókè koríko tí wọ́n jó, eruku ń dán bí wúrà lójú oòrùn. Nígbà tí mo yọ́jú wò ó, tẹ̀sùbáà náà wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń yọ akoto rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á.

"Rárá," ló wí. "Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti wọ̀ láyé mi, àdúrà ni mo fi ń dá a dúró. Èyí, ẹsẹ̀ rẹ ni mo rí tó dá a dúró." Ó tún fi kún un kíákíá pé, "Ọlọ́run náà ló ṣáà fún ẹ lẹ́sẹ̀." Ó lọ ṣí kúlà wáàkyé, ó bù fún Alhaji ṣáájú gbogbo wa.

Mo ti padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, n ò sì tíì mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù ni àárọ̀ Monday tó tẹ̀ lé ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo lóṣòó ti táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé ọwọ́ lé e. Etí rẹ̀ ti bó, rọ́bà náà ti ká wínníwínní bí èérún igi lábẹ́ ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ lórí ọ̀dà ló gbé èmi àti ìyá mi dání nínú kọ́nà. Mo ń fi ìka tọ ọ́ nígbà tí obìnrin tó ń gbé nítòsí wa kọjá, tó kí mi káàárọ̀ ní èdè Dàgọ̀ńbà, "Dasiba." Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkóríta kí n tó rántí pé ó yẹ kí n dáhùn.