Ẹ Bá Wa Tọ́ Iná Yín Wò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé méjì ni a ní. Ọ̀kan dúró sí Ìlá Ọ̀ràngún, èkejì ń rìn. Èyí tó ń rìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ni mo ṣì máa ń bá ara mi nínú rẹ̀ lójú àlá títí di ìsinsìnyí.

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ni. Ajíhìnrere ni bàbá mi nínú ìjọ kékeré kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa lọ láti àgọ́ ìsọjí kan sí òmíràn káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó yọ gbogbo àga inú bọ́ọ̀sì náà dànù, ó ní kí káfíńtà bá òun kan bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, ó ta aṣọ sí àárín, ó sì gbé sítóòfù sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa sọ ọ́ ní Ilé-ń-rìn. Bí a bá ti ń bọ̀ láti ìrìnàjò, wọn á sáré tẹ̀lé wa nínú eruku, wọn á máa pariwo pé, "Ilé ń rìn o! Onílé ń bẹ nínú ẹ̀!" Orí wa a sì wú, èmi àti Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi, bíi pé ààfin ni wọ́n ti ń gbé wa bọ̀.

Òórùn inú Ilé-ń-rìn kò kúrò nímú mi. Kẹrosíìnì, ọṣẹ, àti ọ̀ọ̀lẹ̀ tí Màámi ti sè sínú ewé láti ilé. Tútù la máa ń jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ yẹn pẹ̀lú gaàrí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé wa sókè sódò bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò. Bí a bá dé abúlé tí wọ́n ti ń ya kòkó, àwọn ọmọ ibẹ̀ á fún wa ní kóró rẹ̀ ká máa fa omi ara rẹ̀ mu. Màámi a ní, "Ẹ má gbé e mì o!" A ó ní a ò gbé e mì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀kan ń gbà lọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe iyebíye jù nínú ilé náà ni fìríìjì kékeré kan tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Àtọ̀gbẹ ń bá Màámi jà. Abẹ́rẹ́ ló máa ń gún ara rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, oògùn abẹ́rẹ́ náà kò sì fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá bà á jẹ́, ó ti di omi lásán nìyẹn, ìyá wa á sì dùbúlẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé kó jókòó sílé, kó yéé tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n Màámi ló ń dá orin ní àgọ́, Bàámi fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé bí òun kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ìwàásù kì í ṣí lẹ́nu òun. Fìríìjì yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè jọ máa lọ. Bí ó bá wà láàyè, Màámi á bá wa rìn. Bí ó bá kú, ilé ló máa kù sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí iná ṣe rí ní àwọn àgọ́ ìgbà yẹn. Wọ́n á fa wáyà láti ilé lágbájá kọjá lórí igi lámọ̀rín, á sì rọ̀ sílẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Iná ibòmíràn a ga jù, tibòmíràn a rẹlẹ̀, méjèèjì ló sì lè pa fìríìjì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí Bàámi kọ́kọ́ rà ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àgọ́ kan kó tó wàásù dé "Àmín". Ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, Bàámi kì í ki wáyà Ilé-ń-rìn bọ iná ẹnikẹ́ni láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a bá ti dé àgọ́, irin gígùn kan ló máa kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀. Á so wáyà kan láti ara bọ́ọ̀sì mọ́ irin náà, kí iná tó bá ṣì rìn lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ dípò kó gbé ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bu omi sídìí irin náà, torí ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná dáadáa. Àwọn tó ń kọjá a dúró wò wá. Wọ́n rí ajíhìnrere tó ń kan irin mọ́lẹ̀, wọ́n rí ọmọ rẹ̀ tó ń bu omi sí i nídìí. Ìyá arúgbó kan pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Áà, oníwàásù tó ń bọ Ògún!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màámi. Bàámi ò rẹ́rìn-ín, ó lọ wàásù fún màmá náà.

Lẹ́yìn irin ló kan gílóòbù. Gílóòbù kan wà tí Bàámi so mọ́ wáyà kúkúrú, òun ló ń fi wo irú iná tí wọ́n ní. Káyọ̀dé ló máa ń gbé e dání, Bàámi á wá bèèrè láti ìdí mọ́tò pé, "Kí ló ń ṣe?" Bí iná náà bá rẹlẹ̀, tí gílóòbù pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Káyọ̀dé á ní, "Ó ń sunkún, sà!" Bí ó bá ga jù, tó funfun tó ń ta séèyàn lójú, á ní, "Ó ń bínú, sà!" Ìgbà tó bá tan bó ṣe yẹ nìkan ló máa ń sọ pé, "Ó ń rẹ́rìn-ín, sà!" Ìgbà náà ni Bàámi tó máa ki wáyà wa bọ̀ ọ́. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ìrìnàjò parí nìyẹn, Màámi á di ẹrù rẹ̀, a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi àti Káyọ̀dé mú ọ̀rọ̀ yìí débi gbogbo. Ọbẹ̀ tó dùn ń rẹ́rìn-ín, bàtà tó já ń sunkún. Lọ́jọ́ kan tí Bàámi kó ìbínú wọlé, Káyọ̀dé sọ sí mi létí pé, "Gílóòbù ń bínú lónìí." Bàbá ọ̀hún gbọ́. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká gbọ́wọ́ sókè, ká kojú sógiri. A wà níbẹ̀ títí apá fi ń gbọ̀n, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín tí Bàámi ń pa mọ́ra lẹ́yìn wa.

Ìlú Ọ̀rà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ti ṣẹlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbin iṣu àti obì ló yọ̀ǹda ilẹ̀ oko rẹ̀ fún ìjọ pé kí wọ́n fi ṣe àgọ́, àwa ọmọdé sì ń pè é ní Bàbá Àgọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa iná dé orí ilẹ̀ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ dùn. Kí Ilé-ń-rìn tó dúró tán, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹnu wáyà wá pàdé wa, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàámi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá na ọwọ́ sí Káyọ̀dé pé kó gbé gílóòbù wá.

Ojú Bàbá Àgọ́ yí padà. Ó ní, "Ajíhìnrere, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Iná tí mo fà fún yín yìí náà lẹ fẹ́ dán wò? Ṣé mo jọ ẹni tó máa fún àlejò ní májèlé ni?"

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àgbà ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Màámi yọjú lójú fèrèsé, ó wo ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kì í bá ọkọ rẹ̀ wí níwájú àgbà. Bàámi ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ò jọ ọ́ rárá." Ó ti gílóòbù bọ àpò. Ó ki wáyà bọ iná.

A tiẹ̀ ti ń gbọ́ tí fìríìjì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a rò pé ó bọ́ sí i. Àfi bó ṣe pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó dákẹ́. Èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo inú ilé. Bàámi já wáyà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó gbé orí sọ́wọ́. Oòrùn ọ̀sán ń ta bí iná, bọ́ọ̀sì ti gbóná bí ìdí ààrò, oògùn Màámi sì wà nínú fìríìjì tó ti kú.

Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ó tó gẹ́ẹ́. N kò ní gbé ọ kiri mọ́. Èmi ni mo fẹ́ fi ìtìjú pa ọ́ yìí. Láti òní lọ, ilé lo máa wà."

N kò tíì gbọ́ kí ohùn bàbá mi gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Màámi sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, fìríìjì ló jóná. Èmi ò tíì jóná. Ẹ dìde, ẹ bá mi wá ìkòkò."

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìlá ti kọ́ ọ nígbà kan rí ohun tí àwọn ará oko tí kò ní iná máa ń ṣe sí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Bàbá Àgọ́ da omi mímu inú àmù rẹ̀ nù, ó gbé e jáde fún wa. A gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú rẹ̀, a da iyanrìn sáàárín méjèèjì, a bomi rin iyanrìn náà, a gbé oògùn sínú ìkòkò kékeré, a sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Abẹ́ igi obì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, la gbé e sí. Bàbá Àgọ́ gbé àpótí wá, ó jókòó tì í. Ó ń bu omi sí iyanrìn, ó ń lé ewúrẹ́, ó tún ń bu omi. Nígbà tí mo fẹ́ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ mi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi ki ọwọ́ bọ ìkòkò náà. Ó tutù. Ó gbé oògùn sókè sí oòrùn, ó wò ó dáadáa, ó sì gún un. Bàámi ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo gílóòbù.

Bàbá Àgọ́ wá gbé omi wá fún un nínú igbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà tó mi mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Bàbá náà gbé igbá sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màámi. Màámi gbà á, ṣùgbọ́n kò mu ún. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi yín wò kí ẹ tó fún mi. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò lè fún mi ní májèlé. Iná yín ńkọ́, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún wa?"

Bàbá Àgọ́ wo igbá náà, ó wo wáyà iná. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ títí dòní bóyá ẹ̀rín nìkan ni. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti dá mi lẹ́jọ́, o sì jàre. Níbo ni gílóòbù yín wà?" Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sí iná. Ó tàn yòò, ó funfun débi pé a fojú pamọ́. Káyọ̀dé kò tíì sọ̀rọ̀ tí bàbá náà fi kígbe pé, "Háà! Inú ń bí i gan-an!" Ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ pe ẹni tó wá tún wáyà náà ṣe.

Lálẹ́, Màámi dá orin. Ohùn rẹ̀ já gaara. Bàámi dìde láti wàásù, ó ṣí Bíbélì, ó wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, omijé sì dí i lọ́wọ́ kíkà. Kò tún sọ pé kí ẹnikẹ́ni kù sílé mọ́. Ó ra fìríìjì mìíràn nígbà tó yá. Ibi yòówù tí a bá dé lẹ́yìn ìyẹn, àwa kọ́ la ń gbé gílóòbù sí iná mọ́. Á dọ̀bálẹ̀ fún onílé, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, á ní, "Ẹ bá wa tọ́ iná yín wò, kí àwa náà tó mu ún." Kò sí àgbàlagbà kan tó bínú sí i rí. Ṣe ni wọ́n ń du gílóòbù náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Bàámi ti lọ sinmi. Ilé-ń-rìn wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìlá, koríko ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ kọjá, adìyẹ ń yé sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wa wà nígbà kan. Ọ̀tan Ayégbajú ni mò ń gbé báyìí, mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, Màámi sì wà lọ́dọ̀ mi. Káyọ̀dé ra àpótí kékeré kan ránṣẹ́ sí wa tó ń dúró láàárín iná àti fìríìjì. Bí iná bá ga, á dá a dúró. Bí ó bá rẹlẹ̀, á dá a dúró. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì bí onílé kankan nínú. Àwọn ọmọ mi máa ń ki wáyà fóònù wọn bọ ihò iná tí wọ́n bá ṣáà ti rí, ní ilé ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ilé ẹni tí wọn kò mọ̀. Omi inú ọ̀rá là ń fún àlejò báyìí. Wọ́n ti dì í pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ ọ wò fún ẹnikẹ́ni.

Ó rọrùn, n kò ní parọ́. Oògùn Màámi kò bà jẹ́ rí láti ìgbà tí àpótí yẹn ti dé. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn máa ń wà tí mo máa ń rántí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó ti ìkòkò lábẹ́ igi obì, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba igbá lọ́wọ́ òun.

Èmi ni mo máa ń bá Màámi gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ báyìí, torí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń ya ọ̀rá omi, mo máa ń dà á sínú ife, mo sì máa ń kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá gbé e mì. Á na ọwọ́, á sì bèèrè bí Bàámi ṣe máa ń bèèrè láti ìdí mọ́tò pé, "Kí ló ń ṣe?"

Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ó ń rẹ́rìn-ín, Màámi." Ìgbà náà ló tó máa mu ún.