Bọ́bìn Kan, Àdúrà Olúwa Mẹ́ta

Mo rántí ìgbà tí Àdúrà Olúwa mẹ́ta ń ká òwú kún bọ́bìn kan ní ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Òmù-Àrán. Bọ́bìn ni irin róbótó kékeré tí òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀gá mi yóò fi í kọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, yóò fi ìka méjì di òwú mú, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ jẹ́jẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀: "Baba wa." Nígbà tó bá ṣe Àmín kẹta, bọ́bìn á ti kún, òwú rẹ̀ á sì dọ́gba yíká. Ó ní bí ìyá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, nítorí kò sí aago ní ìsọ̀ wọn, àti pé ẹnu tó ń gbàdúrà kì í ráyè ṣòfófó.

Èmi náà ń gba àdúrà náà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko ni mo ṣe ń gbà á. Ṣé mo ti parí ilé-ìwé ìjọ, mo lè ka Bíbélì láì kọsẹ̀, mo sì rò pé gbogbo ayé ló ń dúró dè mí. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ohun tuntun ti dé, èmi sì gbà pé mo wà lára ohun tuntun náà. Kí ọ̀gá mi tó dé ibi oúnjẹ òòjọ́, èmi ti ṣe Àmín. Òwú inú bọ́bìn mi a máa dẹ̀ níbì kan, a máa le níbòmíràn, bí mo bá sì yí aṣọ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ta kókó bí irun orí ọmọ tí wọn kò yà.

"Ta lò ń lé lọ?" ni ọ̀gá mi máa ń bi mí. "Àbí Ọlọ́run lò ń sá fún ni?"

Ní ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, Bàbá Tíṣà, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní ìwé àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí wọ́n tó bí mi, fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ sí ìlú rẹ̀, Òwu-Ìsin. Òun ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ pinnu láti rán aṣọ ìbora fún un, nítorí ọyẹ́ kì í ṣojú àánú sí egungun àgbà. Ilé kọ̀ọ̀kan mú àjákù aṣọ kan wá. Etí ìró ìyá mi, ẹni tó ti sùn nínú Olúwa, ni mo mú wá ní tiwa. A tò wọ́n pọ̀ di ojú aṣọ, a fi kíjìpá àtijọ́ tó nípọn sí àárín, a fi aṣọ funfun tẹ́ ìsàlẹ̀. Ó wá ku kí a fi ẹ̀rọ rán ìlà kọjá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má baà yẹ̀ kúrò lára ara wọn. Àfi bí orúnkún ọ̀gá mi ṣe wú, tí kò lè tẹ ẹ̀rọ mọ́.

"Ìwọ lo máa rán an," ló sọ fún mi. "Bó bá dára, ọjọ́ Ìsinmi tí a bá gbé e fún Bàbá la máa gbàdúrà ìdásílẹ̀ fún ọ."

Lọ́jọ́ náà, mo ti rí ìsọ̀ tèmi lójú inú, mo tilẹ̀ ti yan àwọ̀ tí n óò fi kun ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bọ́bìn mẹ́ta ni mo tíì ká, tí mo sì ti tú méjì nínú wọn, nígbà tí àǹtí mi wọlé. Àbúrò ìyá mi ni, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì wálé wá kí wa. Ó yọ páálí kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Bọ́bìn tí wọ́n ti ká òwú sí láti ilé-iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n funfun báláú.

"Ẹ ṣì ń ká òwú níbí?" Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. "Ayé Nóà lẹ wà o! Ẹ kàn máa sọ eléyìí sínú ẹ̀rọ ni, ó parí."

Ọ̀gá mi mú ọ̀kan, ó yí i wò. "Ó dùn ún wò. Ẹni tó ká a, ṣé ó mọ ohun tí a fẹ́ fi rán?"

"Ẹ̀rọ ló ká a, mà. Ẹ̀rọ kì í béèrè."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo máa rán an, ìwọ ni kí o yàn."

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí n má parọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Ó rán àǹtí mi wá gbà mí lọ́wọ́ Àdúrà Olúwa. Ẹ̀rọ ń lọ geere, ẹ̀yìn aṣọ kò ta kókó kan. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, mo ti parí. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn aṣọ náà títí.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í fi aṣọ tí kò tíì kan omi ta àgbà lọ́rẹ, pàápàá èyí tó ti ara àlòkù oríṣiríṣi ilé wá. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá ìjọ gbé e lọ sódò, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń lù ú mọ́ àpáta bí a ti ń lu kíjìpá. Mo ń bá wọn gbe orin lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn figbe ta: "Ẹ wá wo aṣọ tó ń yanu rẹ́rìn-ín o!"

Ìlà kan ti já láti ìsàlẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Òwú òkè wà níbẹ̀ digbí, kò rí ohun tí yóò dì mú. Kíjìpá àárín ti ká jọ sí igun kan bí ọmọ tí òtútù ń mú.

"Ẹni tó fẹ́ gba ìdásílẹ̀ ló rán èyí?" ni ìyá kan béèrè.

Mo fi omi odò bọ́jú kí wọ́n má baà mọ̀ pé mò ń sunkún.

Nígbà tí a gbé e dé ìsọ̀, ọ̀gá mi fa òwú inú bọ́bìn Èkó. Ó já pẹ́ú. Ó fa òwú tiwa láti orí igi tí wọ́n ká a mọ́. Ó fẹ́ gé e lọ́wọ́, kò já. Àǹtí mi kò lè gbójú sókè. "Òwú burúkú kọ́," ni ọ̀gá mi wí fún un. "Bùláòsì ni wọ́n ká a fún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kíjìpá ń bẹ láyé." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé o fà á wò kí o tó fi rán an?"

"Rárá, mà."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ gbé bọ́bìn."

Àǹtí mi mú abẹ kan nílẹ̀. "Ẹ gbé aṣọ náà wá, èmi ni n óò tú u." Òun àti ìyá méjì bẹ̀rẹ̀ sí tú ìlà dànù. Èmi fi bọ́bìn kọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, ó sì ń bá mi gba àdúrà náà. Bí mo bá ti sá ṣíwájú, yóò dákẹ́. Kò ní í bá mi wí, yóò kàn dúró síbi tí mo fi í sílẹ̀ sí títí n óò fi padà wá bá a. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ká bọ́bìn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí a ti dé ibi tí a ti ń tọrọ ìdáríjì, mo ṣàkíyèsí pé fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi gan-an ni mò ń tọrọ rẹ̀.

Mo parí rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi fúnra mi gbé e lọ sódò, mo lù ú mọ́ àpáta títí apá mi fi kú. Ìlà kan kò yẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Tíṣà fi aṣọ náà bo èjìká nínú oòrùn gangan, gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Ó wá a títí ó fi rí àjákù tiwa, ó fi ìka kàn án. "Ìró ìyá rẹ nìyí," ló sọ fún mi. "Òun ló ró wá síbi ìrìbọmi rẹ." Mo ń retí kí wọ́n pè mí síwájú fún ìdásílẹ̀. Wọn kò pè mí. Ní ìta ni ọ̀gá mi ti fà mí mọ́ra: "Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Jẹ́ kí sùúrù wá bá a níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà sí i." Mo sunkún délé. Nígbà tí oṣù mẹ́fà náà pé, tó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú ìjọ, mi ò rántí pé mo bínú rí.

Ọ̀gá mi ti lọ sọ́dọ̀ Ẹni tó máa ń bá sọ̀rọ̀ nídìí bọ́bìn. Lónìí, bọ́bìn inú páálí kún ọjà Òmù-Àrán. Mo ń rà á, mo ń lò ó fún bùláòsì àti aṣọ ilé-ìwé, mo sì ń dúpẹ́ fún un, nítorí ó ń gba ọwọ́ àgbà lọ́wọ́ wàhálà. Mo máa ń kọ́kọ́ fà á wò ná. Ṣùgbọ́n aṣọ ìbora àwọn ọmọ-ọmọ mi, èmi ni mò ń ká òwú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ sáré nígbà mìíràn, àdúrà á sì fẹ́ yọ́ lọ lẹ́nu mi. Bí mo bá ti fura, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń padà sẹ́yìn, mo sì máa ń bá ọ̀gá mi níbi tó dúró sí.